Ẹ Bi Ẹ̀gbọ́n Léèrè: Ubuntu ò jẹ́ kí n gbé gcc wọlé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra laptop tòkunbọ̀ kan, ọ̀rẹ́ mi sì bá mi fi Ubuntu 24.04 sí i. Èdè C ni mo fẹ́ fi kọ eré ayò tí èèyàn lè máa ta nínú terminal, ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ. Mo tẹ "sudo apt install build-essential", àpò irinṣẹ́ tí gcc tó ń sọ kóòdù C di ètò wà nínú rẹ̀, ó ní "Unable to locate package". Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ́kọ́ ṣe "sudo apt update", ìyẹn náà tún figbe ta: "Release file is not valid yet", ó wá ka ọjọ́ rẹpẹtẹ tẹ̀lé e. Kódà Wi-Fi ilé ẹ̀kọ́ wa ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ìkìlọ̀ ni Firefox ń gbé wá ṣáá. Ṣé kí n kúkú padà sí Windows?
Akẹ́kọ̀ọ́, Ògbómọ̀ṣọ́

Àbúrò mi, má tíì padà síbì kankan. "Not valid yet" yẹn ni kí o dì mú. Apt, tó ń bá Ubuntu gbé ètò wọlé, ń sọ fún ọ pé ọjọ́ tó wà lára ìwé tí òun gbà lọ́dọ̀ Ubuntu kò tíì pé. Wo àárín òkè ojú ẹ̀rọ rẹ, níbi tí wọ́n ń kọ ọjọ́ àti aago sí. Mo lè ta tẹ́tẹ́ pé ọjọ́ tó ti kọjá tipẹ́ ló wà níbẹ̀. Ohun tó ń bá Firefox jà náà nìyẹn: ìwé ẹ̀rí àwọn ìkànnì ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, lójú laptop rẹ, ọ̀pọ̀ wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Tòkunbọ̀ mà ni. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó rí bí owó kọ́ìnì, CR2032 lorúkọ rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, òun ló ń bá a tọ́jú aago nígbà tí ẹ̀rọ bá kú. Tí òun fúnra rẹ̀ bá ti kú, tí iná bátìrì ńlá wá tán, aago á sá padà sẹ́yìn. Ubuntu máa ń tún aago ṣe láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n Wi-Fi ilé ẹ̀kọ́ mìíràn kì í jẹ́ kí ìbéèrè aago kọjá. Gbìyànjú dátà fóònù rẹ. Bí ìyẹn ò bá gbà, fi ọwọ́ ara rẹ tún un ṣe báyìí, kí o fi ọjọ́ òní rọ́pò tèmi:

sudo date -s "2025-03-14 09:30"

Lẹ́yìn náà:

sudo apt update
sudo apt install build-essential libncurses-dev

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi libncurses-dev kún un ni. Ncurses, àkójọ kóòdù tí a fi ń ya nǹkan sójú terminal, ni ọ̀pọ̀ eré inú terminal ń lò, tí o kò bá ní i, gcc á sọ pé "fatal error: ncurses.h: No such file or directory". Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń bá mi jiyàn: "Ṣebí ncurses ti wà lórí ẹ̀rọ mi!" Ó wà lóòótọ́, èyí tí àwọn ètò fi ń ṣiṣẹ́ ni. Èyí tí a fi ń compile, ìyẹn sísọ kóòdù di ètò, "-dev" ló máa ń wà ní ìparí orúkọ rẹ̀.

Ó ku ti compile:

gcc ayo.c -o ayo -lncurses

Jẹ́ kí "-lncurses" wà lẹ́yìn. Bí o bá fi ṣíwájú ayo.c, wàá rí "undefined reference to initscr", wàá sì rò pé ohun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé ò sí níbẹ̀. "./ayo" ni kí o fi ṣí i, "ayo" lásán, kò ní mọ̀ ọ́n.

Ra bátìrì yẹn o. Nínú laptop púpọ̀, wọ́n máa ń fi rọ́bà wé e, pẹ̀lú wáyà méjì àti ẹnu kékeré kan, nítorí náà mú ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí wàá rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí o tó rà á, tó bá ṣe pé make, irinṣẹ́ tó ń wo ọjọ́ fáìlì kó tó mọ èyí tó yẹ kó tún compile, lo fi ń compile, ó lè kìlọ̀ fún ọ pé "Clock skew detected": fáìlì tí o kọ lánàá ti di ti ọ̀la lójú rẹ̀. Tún aago ṣe, pa àwọn fáìlì tí make ti kọ́ rẹ́, kí o tún make ṣe.