Yẹ́lò Káàdì Kì í Ṣe Ìwé Lásán: Èsì fún Ẹgbẹ́ Ajíhìnrere kan ní Ìgbájà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ wa ní Ìgbájà. Àwa 16 ni a ó lọ ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Kẹ́ńyà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ̀ òfuurufú wa yóò sì gbéra ní Èkó ní ọjọ́ 9 sí òní. Àwọn 5 nínú wa ní yẹ́lò káàdì, ìwé ẹ̀rí pé a ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ (yellow fever), tí wọ́n gbà ní 2014, ṣùgbọ́n a kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó parí ní 2024. Àwọn 11 kò ní rárá. Ẹni tí ó ń bá wa ṣètò ìwé ìrìnnà sọ pé òun yóò gba káàdì fún gbogbo wa láìsí pé ẹnikẹ́ni gba abẹ́rẹ́, nítorí káàdì nìkan ni wọ́n ń béèrè, àti pé àwa tí a dàgbà nílẹ̀ yìí, ara wa ti mọ ibà. Ṣé iye tí ó pè kò pọ̀ jù? Àti pé bàbá kan àti ìyá kan nínú àwọn 11 yìí ti lé ní ẹni ọdún 65. Ṣé abẹ́rẹ́ náà kò ní ṣe wọ́n níbi?

Ìdáhùn: Iye owó ni ẹ fẹ́ kí n bá yín dá lẹ́jọ́, ẹ̀yin akọ̀wé wa, ṣùgbọ́n n kò ní dá a, nítorí pé kò sí iye tí ó tọ́ fún káàdì tí ẹni tí ó ni ín kò gba abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ ni ẹgbẹ́ ìjọ àkọ́kọ́ tí ó bi mí ní irú ìbéèrè yìí, gbólóhùn kan náà ni gbogbo wọn sì máa ń mú wá: “káàdì nìkan ni wọ́n ń béèrè.” Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ dojú kọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú àwọn 5 tí ó ní káàdì sílẹ̀. Láti ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2016 ni òfin Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé ẹni tí ó bá ti gba abẹ́rẹ́ yìí lẹ́ẹ̀kan, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà títí ayé ẹni náà, àní bí ọjọ́ ìparí bá wà lára káàdì náà láti ìgbà tí òfin ṣì sọ pé ọdún 10 ni. Kò sí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tún gbà. Bí wọ́n bá ti gba abẹ́rẹ́ náà ní tòótọ́, tí orúkọ ara káàdì sì bá ti pásípọ́ọ̀tù mu, kí wọ́n kàn béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń fúnni ní káàdì bóyá káàdì àtijọ́ náà ṣì tó.

Ó wá kan àwọn 11. Àrùn tí káàdì yìí ń jẹ́rìí sí ni ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, kì í sì í ṣe ibà tí ẹ sọ pé ara yín ti mọ̀. Ibà tí a máa ń lo oògùn sí ní ilé, ẹ̀fọn tí ń jẹni lóru ni ó ń gbé e, ara àgbàlagbà tí ó ti ń ṣe é láti kékeré sì máa ń kọ́ láti dúró dè é díẹ̀. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà á, ẹ̀fọn tí ń jẹni lọ́sàn-án ni ó ń gbé e, irú èyí tí ó ń pamọ nínú omi tí ó dúró sínú ìkòkò, gárawà àti táyà àlòkù, nítorí náà nẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń ta sórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ kò lè dá a dúró. Ẹgbàá ìgbà ni ẹ lè ti ṣe ibà ilé, kò fi ohunkóhun kún ààbò yín lórí èyí. Ọ̀pọ̀ tí ó kó o kì í tilẹ̀ mọ̀ pé òun ní i. Àwọn mìíràn a ṣe ibà, ẹ̀yìn a máa ro wọ́n, wọn a sì sàn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ara wọn yóò fúyẹ́ fún ọjọ́ kan, tí yóò tún padà dé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ dídà àti ojú pípọ́n, tí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín yóò dẹnu kọlẹ̀. Nínú àwọn tí ó bá bá a dé ibẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì tí ń kú láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Kò sí oògùn tí ń pa fáírọ́ọ̀sì náà. Ìtọ́jú ara ni dókítà lè ṣe, kí ó sì máa wo ohun tí Ọlọ́run yóò ṣe.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀nà jíjìn ni mo ti mú ọ̀rọ̀ wá, ẹ rántí ọdún 2017. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún 7 kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ìjọba ìbílẹ̀ tiyín níbẹ̀ yẹn gan-an, ṣàìsàn ní oṣù kẹjọ. Ní oṣù kẹsàn-án ni àyẹ̀wò fi hàn pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni. Kò gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ rí. Lára ọmọ yẹn ni Nàìjíríà ti mọ̀ pé àrùn tí a kò gbúròó fún ọ̀pọ̀ ọdún ti padà dé, tí wọ́n fi wá gún àwọn ènìyàn ní Kwara àti Kogi ní oṣù kẹwàá ọdún náà, láti ọmọ oṣù 9 títí dé ẹni ọdún 45. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá wà lára àwọn tí a gún nígbà náà, kí ó wá káàdì ìgbà náà jáde, kí ó sì mú un dání wá.

Nítorí náà ni Kẹ́ńyà fi ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti ọ̀dọ̀ wa wá. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ yọ yín lẹ́nu. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé ẹni tí fáírọ́ọ̀sì náà ti wà lára rẹ̀, tí kò tíì mọ̀, yóò dé àárín wọn, ẹ̀fọn ibẹ̀ yóò jẹ ẹ́, yóò sì lọ jẹ ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn tí ẹ fẹ́ lọ wàásù fún ni káàdì èké ń fi sínú ewu, kí ó tó kan ẹ̀yin fúnra yín, ọ̀rọ̀ yìí sì dùn mí nítorí pé onígbàgbọ́ ni èmi náà.

Ní ti pé wọn kò ní mọ̀: ìyá kan mú káàdì mẹ́ta wá bá mi nígbà kan, tirẹ̀ àti ti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, pé kí n bá òun wò ó bóyá ó dára. Ọwọ́ kan náà ni ó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, gẹ̀gẹ́ kan náà, a sì kọ ọ́ pé ọjọ́ Kérésìmesì ni wọ́n gba abẹ́rẹ́. Níbi tí ó yẹ kí nọ́ńbà ara ìgò oògùn wà, nọ́ńbà fóònù ẹni tí ó tà á fún un ni ó wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ibodè kò nílò ju ìṣẹ́jú kan lọ láti rí irú rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2012, orílẹ̀-èdè South Africa dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà láti Johannesburg nítorí pé wọn kò gba yẹ́lò káàdì wọn gbọ́. Ìjọba wọn padà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n àwọn 125 náà ti padà sílé kí àforíjì tó dé. Ẹni tí ó ra káàdì èké ni ó ń mú kí wọ́n máa fura sí ẹni tí káàdì tirẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wá láti Ìgbájà kò ní ṣàì gbọ́ ìtàn bí iṣẹ́ SIM, ẹgbẹ́ ajíhìnrere Sudan Interior Mission, ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta, Gowans, Kent àti Bingham, gúnlẹ̀ sí Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1893. Kí ọdún 1894 tó parí, àìsàn ti pa Gowans àti Kent lójú ọ̀nà. Ọdún 1902 ni iṣẹ́ náà tó rí ẹsẹ̀ walẹ̀ ní Pàtígì. Ẹ̀mí wọn ni wọ́n fi sílẹ̀ nígbà tí kò tíì sí abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kankan tí wọ́n lè gbà. Ọdún 1937 ni èyí tí à ń lò báyìí tó jáde, láti ara fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ará Gánà kan ní 1927.

Ó wá ku ọjọ́ tí ó wà nílẹ̀. Ìwé ẹ̀rí yìí kì í lágbára àfi bí ọjọ́ 10 bá kọjá lẹ́yìn tí a gba abẹ́rẹ́. Bí ẹ bá tilẹ̀ gbà á ní ọ̀la, ọjọ́ 8 péré ni yóò pé nígbà tí ọkọ̀ yóò bá gbéra. Ẹni tí ń bá yín ṣètò lè ní òun yóò kọ ọjọ́ tí ó ti kọjá sí i. Irọ́ mìíràn nìyẹn, ẹ má ṣe gbà fún un. Ẹ sún ìrìn-àjò náà síwájú. Mo mọ̀ pé owó tíkẹ́ẹ̀tì yóò lé, mo sì mọ̀ pé owó ìjọ ni, ṣùgbọ́n ìnáwó kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí a dá ènìyàn 11 padà láti Nairobi.

Ọ́fíìsì Port Health ti ìjọba àpapọ̀, àwọn tí ń bójú tó ìlera ní ibodè, ni ó ní àṣẹ láti fúnni ní káàdì yìí. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ó súnmọ́ yín ní Ìlọrin, kí ẹ sì sanwó sí àpò ìjọba, kí ẹ gba rìsíìtì. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, kí ẹ sọ iye yín. Oògùn náà jẹ́ lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ nínú ìgò, inú òtútù tí kò ju ìwọ̀n 8 ti Celsius lọ ni ó sì ń gbé. Ìgò kan sábà máa ń tó ènìyàn 10, bí a bá sì ti pò ó, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí 6 lọ. Nọ́ọ̀sì kò ní fẹ́ ṣí ìgò fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ kọ orúkọ inú pásípọ́ọ̀tù ránṣẹ́, kì í ṣe “Ìyá Sámúẹ́lì” tàbí “Díákónì.”

Ní ti bàbá àti ìyá tí wọ́n ti lé ní 65, ìbéèrè yín dára, ìbẹ̀rù yín sì nídìí. Fáírọ́ọ̀sì tí a ti sọ di aláìlágbára ni abẹ́rẹ́ náà. Nínú ẹni tí ó bá ti lé ní 60 tí ó ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́, ó lè fa wàhálà ńlá nígbà mìíràn, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀. Kì í sì í ṣe fún ẹni tí ẹyin adìyẹ máa ń ṣe burúkú fún, tàbí ẹni tí agbára ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ nítorí HIV, àrùn jẹjẹrẹ tàbí oògùn tí ó ń lò. Aláboyún àti ẹni tí ń fún ọmọ lọ́yàn gbọ́dọ̀ rí dókítà ná. Èmi kò tíì yẹ àwọn àgbà yín wò, nítorí náà n kò lè sọ pé kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n má gbà á. Dókítà tí ó mọ ara wọn ni kí ó sọ. Bí ó bá ní kí wọ́n má gbà á, ìwé kan wà tí ó lè kọ láti ṣàlàyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ Kẹ́ńyà ni ó wà láti gbà á tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́. Ẹ béèrè ní ẹ́ḿbásì wọn kí ẹ tó sanwó sí i.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín: ẹ má ṣe béèrè àìsàn ẹnikẹ́ni níwájú àwọn yòókù ní ìpàdé. Ẹ jẹ́ kí oníkálùkù dá wọlé sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Mo ti rí ẹni tí ó gba abẹ́rẹ́ tí kò yẹ kí ó gbà, nítorí pé ojú ń tì í láti sọ̀rọ̀ létí àwọn ará ìjọ.

Oògùn ibà ilé ń kọ́? Ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí èyí tí ẹ ó máa lò. Àwọn oògùn tí ẹ fẹ́ pín fún ará ibẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ bí ẹ kò bá ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ ìjọba Kẹ́ńyà.

Bí àwọn tí ó pè yín bá ti ń retí yín tí ẹ kò fẹ́ já wọn kulẹ̀, àwọn 5 tí káàdì wọn dára lè ṣáájú ní ọjọ́ 9 náà, kí wọ́n lọ tún ibùdó ṣe, kí àwọn yòókù sì bá wọn níbẹ̀ lẹ́yìn tí ọjọ́ 10 tiwọn bá ti kọjá. Kí oníkálùkù di káàdì rẹ̀ mú pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù nínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe nínú àpótí olórí ẹgbẹ́.