Ẹ Jẹ́ Kí Ẹlòmíì Wakọ̀, Kí Ẹ̀yin Méjèèjì Lè Wo Òkun

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Oṣù Kọkànlá ni èmi àti ọkọ mi ń lọ sí Cape Town, àwa méjèèjì nìkan, àwọn ọmọ ò bá wa lọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo la yà sọ́tọ̀ fún etí òkun, láti Cape Town lọ dé Cape Point. Bàbá Ìbejì ní àwọn máa háyà mọ́tò, pé àwọn fẹ́ máa dúró níbi tó bá wu àwọn. Èmi ní kí a bá amọ̀nà lọ, torí wọ́n sọ fún mi pé ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó rọ̀ mọ́ ara òkè, tí òkun wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Òòyì sì tètè máa ń kọ́ mi nínú ọkọ̀. Àmọ́ ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé àwọn amọ̀nà á máa kán wa lójú, a ò ní lè wo nǹkan kan tẹ́rùn. Ta ló jàre nínú wa? — Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire. Ẹ̀yin lẹ jàre lórí ẹni tí yóò wakọ̀, Bàbá Ìbejì ló sì jàre lórí pé kí ẹ ráyè dúró. Ẹ lè rí méjèèjì gbà lọ́jọ́ kan náà bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ máa béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀nà tí wọ́n sọ fún yín yẹn, Chapman's Peak Drive ni. Kìlómítà 9 péré ni, ṣùgbọ́n kọ́nà 114 ló wà nínú rẹ̀. Ọdún 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ sára àpáta, ọdún 1922 ni wọ́n ṣí i. Ọwọ́ òsì títì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, apá ọ̀tún ni ìdarí ọkọ̀ sì wà. Ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún títì ti mọ́ lára, tó wá ń gba irú ọ̀nà yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́, títì ni yóò tẹjú mọ́ títí tí yóò fi jáde. Ẹ̀yin á máa pariwo pé "Bàbá Ìbejì, ẹ wo ìsàlẹ̀ yìí!", wọn ò sì ní lè yíjú, kò tiẹ̀ yẹ kí wọ́n yíjú. Àdánù ńlá ni mo kà á sí tí tọkọtaya bá ná irú owó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, tó wá jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ló rí òkun.

Ohun mìíràn tún wà. Àpáta máa ń já lórí ọ̀nà yẹn. Wọ́n tì í pa lọ́dún 2000 lẹ́yìn tí òkúta já pa èèyàn kan, ìparí ọdún 2003 ni wọ́n tó tún un ṣí, wọ́n ti na àwọ̀n irin sára òkè, wọ́n sì ń gba owó tóòlù. Títí dòní, bí òjò bá le, wọ́n lè tì í láìròtẹ́lẹ̀. Amọ̀nà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á ti gbọ́ láti àárọ̀, á sì gba Ou Kaapse Weg lórí òkè kọjá. Àlejò tó ń wakọ̀ fúnra rẹ̀ lè má mọ̀ títí tó fi máa bá ọ̀nà ní títì.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìjókòó, torí ọ̀pọ̀ ni kì í rò ó. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ amọ̀nà máa ń gba apá Atlantic lọ, ìyẹn Sea Point, Camps Bay àti Hout Bay, wọ́n á wá gba apá False Bay bọ̀, ìyẹn Simon's Town, Kalk Bay àti Muizenberg. Bí tiyín bá gba ibẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni òkun máa wà nígbà tí ẹ bá ń lọ, ọwọ́ ọ̀tún náà ló máa wà nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Ẹ jókòó sẹ́yìn awakọ̀ gan-an. Àwọn mìíràn máa ń yí i po: Muizenberg láàárọ̀, Chapman's Peak nírọ̀lẹ́. Nígbà yẹn, apá òsì ni kí ẹ wà. Èmi fẹ́ràn èyí tó yí i po yìí jù. Oòrùn á ti máa rọ̀ sápá ibi tí òkun wà nígbà tí ẹ bá dé ọ̀nà àpáta, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á bọ́ sára òkè tààrà, àwọ̀ àpáta náà á yí padà lójú yín. Ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sọ pé tọkọtaya ni yín, pé ẹ fẹ́ ìjókòó méjì tó fara kan ara wọn. Bọ́ọ̀sì kékeré ni kí ẹ mú. Bọ́ọ̀sì ńlá a máa pẹ́ kí gbogbo èèyàn tó sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó bá sì pẹ́ padà á fi àkókò gbogbo yín ṣòfò.

Ní ti ìkánjú tó ń bà yín lẹ́rù, òótọ́ ni. Ẹ máa rí ìpolówó tó to ibi mẹ́wàá kalẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, ká má tiẹ̀ sọ ti mẹ́wàá. Ẹ má bi wọ́n pé ibo ni a máa dé. Ẹ bi wọ́n pé wákàtí mélòó la máa lò ní Cape Point. Bí wọ́n bá dáhùn pé wákàtí kan, ẹ wá ibòmíràn. Èmi ò lè gba ohun tó dín sí wákàtí méjì níbẹ̀.

Ohun tí mo máa yọ kúrò ni ọkọ̀ ojú omi Hout Bay, tó ń gbé èèyàn lọ wo àwọn ẹran omi tí wọ́n ń pè ní seal ní Duiker Island. Kì í tó wákàtí kan, àwọn ẹran náà sì pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ṣùgbọ́n omi Atlantic kì í rọ̀, ẹni tí òòyì ń kọ́ nínú mọ́tò á rí ìyọnu nínú ọkọ̀ yẹn, á sì gbé àárẹ̀ rẹ̀ dé Cape Point. Bí Bàbá Ìbejì bá fẹ́ rí seal dandan, wọ́n sábà máa ń sùn sí èbúté àwọn apẹja ní Kalk Bay, ẹ ò ní san kọ́bọ̀.

Cape Point fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣóńṣó ilẹ̀ tó gùn wọ inú òkun ni, inú ọgbà Table Mountain National Park ló wà. Ilé gogoro oníná méjì ló wà níbẹ̀ tó ń tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìtàn wọn kí ẹ tó dé ibẹ̀. Wọ́n tan iná ti àkọ́kọ́ lọ́dún 1860. Orí òkè pátápátá ni wọ́n kọ́ ọ sí, bí 240 mítà sókè òkun, wọ́n rò pé bó bá ṣe ga tó ni yóò ṣe wúlò tó. Àmọ́ kùrukùru ló máa ń bo orí òkè yẹn, àwọn atukọ̀ ò sì rí iná. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1911, ọkọ̀ àwọn Potogí kan tó ń jẹ́ Lusitania forí sọ àpáta níwájú ibẹ̀, ó rì. (Kì í ṣe Lusitania tí àwọn Jámánì rì lọ́dún 1915 o, orúkọ ló papọ̀.) Ìyẹn ni wọ́n rí tí wọ́n fi kọ́ ìkejì sísàlẹ̀, 87 mítà péré sókè omi, iná rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1919. Èyí àtijọ́ lẹ máa gùn dé ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kékeré tí wáyà ń fà wà fún ẹni tí orúnkún ń dùn, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ yín bá gbà, ẹ fẹsẹ̀ gòkè.

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi lọ, amọ̀nà wa ò bá wa gòkè. Ó sọ ìtàn ọkọ̀ tó rì yẹn fún wa nísàlẹ̀, ó tọ́ka sí apá ibi tí àpáta náà wà, ó dá àkókò fún wa, ó sì jókòó tì mọ́tò rẹ̀. Atẹ́gùn le débi pé a ò gbọ́ ohùn ara wa. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú láti àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ títí dé òkè, èyí tí wọn kì í ṣe níta. Irú amọ̀nà tó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbàdúrà pé kí ẹ bá pàdé.

Bí àkókò bá ṣẹ́ kù, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà láti Cape Point lọ sí Cape of Good Hope, kì í ju bí wákàtí kan lọ. Ẹ sọ fún amọ̀nà kí ó wá gbé yín lódìkejì. Níbẹ̀ ni pátákó tí gbogbo èèyàn ń tò síwájú rẹ̀ láti ya fọ́tò wà. Bartolomeu Dias, ará Potogí, ló kọ́kọ́ yí ibẹ̀ po láti Yúróòpù lọ́dún 1488. Ìtàn sọ pé Góńgó Ìjì ni ó pè é, ọba rẹ̀ ló yí i padà sí ti Ìrètí Rere. Ẹ ya fọ́tò tiyín kíá, kí ẹ kúrò níbi tí èrò wà.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ọ̀bọ babúùnù. Wọ́n mọ báa ṣe ń ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, wọ́n sì ń já àpò gbà lọ́wọ́ èèyàn bí wọ́n bá rí oúnjẹ. Ẹ má ṣí oúnjẹ níta rárá, ẹ má sì fún wọn ní nǹkan kan, òfin kọ̀ ọ́.

Boulders, nítòsí Simon's Town, ni ẹ ti máa rí ẹyẹ pẹ́ńgúìnì. Àwọn díẹ̀ ló kọ́kọ́ wá tẹ̀dó síbẹ̀ lọ́dún 1982, wọ́n sì bí sí i gan-an. Síbẹ̀, irú wọn ń tán lọ láyé: lọ́dún 2024 ni wọ́n kà wọ́n mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ìparun ti súnmọ́ jù lọ. Torí náà, orí pákó tí wọ́n tò ni kí ẹ máa gbà, ẹ má nawọ́ kàn wọ́n. Ìdajì wákàtí tó níbẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá owó àbáwọlé ọgbà ìjọba wà nínú iye tí wọ́n dá, torí tí Cape Point yàtọ̀ sí ti Boulders, àlejò sì ń san ju ọmọ ìlú lọ. Ẹ tún wo àyà amọ̀nà. Òfin ibẹ̀ ni pé kí gbogbo amọ̀nà forúkọ sílẹ̀, kó sì wọ báàjì. Ẹni tí kò ní, ẹ má wọ ọkọ̀ rẹ̀.

Fún òòyì, ẹ bá apoògùn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, kí ẹ lo ohun tó bá fún yín ṣáájú kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ má tẹ fóònù nínú kọ́nà wọ̀nyẹn, ibi tí òkun ti pàdé ojú ọ̀run ni kí ẹ máa wò. Ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì dání. Oòrùn oṣù Kọkànlá ò ní kí atẹ́gùn gúúsù-ìlà-oòrùn má fẹ́, tagbára tagbára ló máa ń fẹ́.

Ẹ sì sọ fún Bàbá Ìbejì pé èmi ni mo ní kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ni kí wọ́n yan ibi tí ẹ ti máa pẹ́ jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ mà, èmi àti ìyàwó mi náà ń lọ sí Cape Point. Wọ́n ní ibẹ̀ ni òkun Atlantic àti òkun Índíà ti pàdé, pé èèyàn lè fojú rí ìlà tó pín wọn. Ṣé òótọ́ ni? — Ọkọ Ìyàwó Tuntun

ÌDÁHÙN: Rárá o, ọmọ mi. Cape Agulhas ni wọ́n fi pààlà òkun méjèèjì, òun náà sì ni ìpẹ̀kun ilẹ̀ Áfíríkà sí gúúsù. Ìpẹ̀kun sí gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni Cape of Good Hope. Ìlà tí àwọn kan ń rí lójú omi, ìfóòfó àti ìgbì ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ omi lára yín, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ òkun ní Camps Bay láàárọ̀, kí ẹ tún ki í bọ̀ ọ́ ní Muizenberg nígbà tí ẹ bá ń bọ̀. Ìṣàn omi tútù Benguela ló ń gba apá Atlantic kọjá. Ti False Bay máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù ú lọ, pàápàá nígbà ẹ̀rùn wọn. Bí ó bá jẹ́ Agulhas gan-an lẹ fẹ́ dé, ẹ ya ọjọ́ mìíràn sọ́tọ̀ fún un, ó ju 200 kìlómítà lọ láti Cape Town.