Wọ́n dín dóòsì màámi kù, ṣé wọ́n ti jáwọ́ nínú wọn ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Lafiaji la wà. Jẹjẹrẹ ọyàn màámi ti dé inú eegun, oògùn palbociclib oní-miligíráàmù 125 àti letrozole ni dókítà kọ fún wọn. Nígbà tó di oṣù kejì ẹ̀jẹ̀ funfun wọn wálẹ̀ gan-an, dókítà ní kí wọ́n sinmi ọ̀sẹ̀ kan sí i, ìgbà tí wọ́n padà lọ 100 ni wọ́n rí gbà. Bùọ̀dá mi wá gbaná jẹ, wọ́n ní oògùn kékeré ò lè ṣẹ́gun àìsàn ńlá, wọ́n fẹ́ lọ ra 125 fúnra wọn. Màámi sì tún ń mu àgbo láàárọ̀. Kí la fẹ́ ṣe báyìí?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ bá mi bẹ bùọ̀dá kí wọ́n fowó yẹn sápò ná.

Nọ́ńbà ara páálí kọ́ ló ń bá àìsàn jà, èyí tó dénú ẹ̀jẹ̀ tó sì dúró síbẹ̀ ni. Èèyàn méjì lè jọ gbé 125 mì láàárọ̀ kan náà, ẹ̀dọ̀ ẹnì kan á máa yára fọ́ tiẹ̀ dànù, tẹnì kejì á falẹ̀, oògùn á wá máa gbára jọ sí i lára. Palbociclib máa ń dá sẹ́ẹ̀lì dúró kó má pín sí méjì, ti jẹjẹrẹ là ń bá wí ṣùgbọ́n mùdùnmúdùn eegun tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ funfun náà máa ń fara gbá nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó sinmi ọ̀kan. Torí náà ẹ̀jẹ̀ màámi ti jẹ́rìí pé 125 pọ̀ fún wọn. Láti 125 wọ́n á bọ́ sí 100, tó bá tún le wọ́n á bọ́ sí 75, ètò oògùn náà nìyẹn látilẹ̀, kì í ṣe pé dókítà ti jáwọ́.

Nínú PALOMA-2, ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí palbociclib àti letrozole, tí 666 obìnrin wà nínú ẹ̀, àìsàn àwọn tí wọ́n dín dóòsì wọn kù ò tìtorí ẹ̀ tètè gbèrú ju tàwọn yòókù.

Bùọ̀dá ò kúkú sọ̀rọ̀ lásán o. Nínú EMILIA, ìwádìí míì tí wọ́n ṣe lórí T-DM1, oògùn jẹjẹrẹ ọyàn míì tí wọ́n ń fà sójú iṣan, àwọn tí oògùn kéré jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn ní sáà àkọ́kọ́ ò pẹ́ láyé tó àwọn tó kù. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn nìkan á ní kí wọ́n rọ oògùn sí i. Àmọ́ àwọn yẹn gan-an ni àìsàn wọn ti wúwo jù kí wọ́n tó gbabẹ́rẹ́ kankan, àìsàn tó wúwo sì máa ń jẹ oògùn tán kíákíá, èwo wá ni ká dá lẹ́bi, oògùn tó kéré ni àbí àìsàn tó wúwo?

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àgbo yẹn. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó máa ṣe fún palbociclib nínú ẹ̀dọ̀, kí màámi dá a dúró, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé wọ́n ti ń mu ún, ẹ má tijú. Èso gíréèpùfúrúùtù, clarithromycin tó ń pa kòkòrò àìsàn, àti ketoconazole oníhóró máa ń jẹ́ kí palbociclib pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti oògùn wárápá bíi carbamazepine, wọ́n á gbá a dànù ni, ibẹ̀ gan-an ni oògùn ti máa kéré bí bùọ̀dá ṣe ń bẹ̀rù. Tó bá jẹ́ kápúsù ni wọ́n ń lò kí wọ́n jẹun sí i o. Ibà tó bá gbé wọn lóru, ẹ má dúró dìgbà tílẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Ìbéèrè: Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní Mushin ń lo capecitabine, oògùn jẹjẹrẹ, àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ ń bó, ó tún ń yàgbẹ́ gbuuru. A ti ń fún un ní tónììkì ẹ̀jẹ̀ kó lè lágbára.

Ìdáhùn: Ẹ yẹ ara ìgò yẹn wò, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí folic acid, fítámìn kan, níbẹ̀. Folic acid máa ń jẹ́ kí capecitabine le mọ́ èèyàn lára, agbára tẹ́ ẹ rò pé ẹ ń fún un, oògùn lẹ̀ ń fún. Ẹ dá tónììkì dúró, kó má sì gbé capecitabine míì mì kó tó rí dókítà. Òní ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kẹ́ ẹ mú ìgò náà dání.