Ẹ Bi Ọnọrébù Léèrè: Ibo Ni Òfin Náà Dé?

Ẹ kú ìfẹ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Láti ìgbà tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2026, lẹ́tà lórí ohun tí àwọn aṣòfin ń sọ nígbà tí wọ́n bá wálé láti Àbújá ti pọ̀ lórí tábìlì mi. Ẹ̀yin tó ti ń bá mi bọ̀ lójú ewé yìí mọ̀ pé ọ́fíìsì aṣojú-ṣòfin ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì. Èmi ni mo ń ṣètò ìpàdé ọ̀gá mi pẹ̀lú àwọn ará ẹkùn ìdìbò rẹ̀, torí náà ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an. Mo mú mẹ́rin nínú lẹ́tà yín lónìí.

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ata àti tòmátì ni mò ń tà. Ọnọrébù wa pe gbogbo ọlọ́jà jọ, ó ní ìjọba àpapọ̀ ti ṣòfin pé ẹni tí èrè rẹ̀ kò bá ju ₦800,000 lọ lọ́dún kò ní san owó orí. A jó, a yọ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fi dé iwájú ìsọ̀ mi. Mo ní Ọnọrébù ní ká má san mọ́, wọ́n ní kí n lọ pè é wá. Ṣé irọ́ ló pa fún wa ni? — Ìyá Aláta, Ìbàdàn

Ìyá Aláta mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọnọrébù yín kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ náà tán, ibi tí kò sọ dé yẹn ló sì kó yín sí wàhálà.

Òfin tó sọ wà lóòótọ́. Ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ú. Owó orí tí òfin yẹn ń sọ ni èyí tí èèyàn ń san lórí ohun tó bá jèrè láàárín ọdún kan. Ẹ yọ owó tí ẹ fi ra ata lóko, ẹ yọ owó ọkọ̀, ẹ yọ owó alábàárù àti owó ìsọ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù sí yín lọ́wọ́ ni òfin ń wò. Bí kò bá ju ₦800,000 lọ, ìjọba kò ní gba kọ́bọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ mílíọ̀nù kan, wọn kò ní fọwọ́ kan ₦800,000 àkọ́kọ́. ₦200,000 tó lé ni wọn yóò gba ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀, ìyẹn ₦30,000 fún odindi ọdún. Mo ṣe ìṣirò yìí nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bẹ̀rù pé tí èrè bá ti fi náírà kan kọjá ₦800,000, gbogbo rẹ̀ ni ìjọba yóò gé. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà ní tirẹ̀ kì í ṣe owó orí. Owó ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi àbójútó ọjà, ibùdókọ̀, ìsọ̀ àti kíóósì sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, òfin owó orí tí wọ́n ṣe ní Àbújá kò sì gba iyẹn kúrò lọ́wọ́ wọn. Nítorí náà, ẹ má fi òfin Àbújá bá àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì jà. Ohun tí ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè lọ́wọ́ wọn ni káàdì ìdánimọ̀, rìsíìtì tí orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wà lórí rẹ̀, àti òfin ìjọba ìbílẹ̀ tó fún wọn láṣẹ láti gba iye tí wọ́n ń gbà. Ẹ jẹ́ kí Ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà jọ lọ béèrè, kí ẹnì kan ṣoṣo má lọ kojú wọn.

Ìjọba ìpínlẹ̀ náà tún wà láàárín. Àbújá ló ń kọ òfin owó orí aráàlú, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tí èèyàn ń gbé ló ń gba owó náà. Bí Ọnọrébù yín bá là á fún yín lọ́jọ́ yẹn pé ti àpapọ̀ nìyí, ti ìpínlẹ̀ nìyí, ti ìbílẹ̀ nìyí, ẹ kò bá má bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀ níwájú ìsọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni àlàyé yẹn ń gbà. Ó ń dùn mí tí aṣòfin bá gba àtẹ́wọ́ tán tí kò lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn.

Ẹ tún béèrè nínú lẹ́tà yín bóyá wọ́n máa gé owó tó wà ní báǹkì. Rárá o. Èrè ni owó orí ń wò, kì í ṣe iye tó wà nínú àkáǹtì. Ata àti tòmátì yín náà, torí pé oúnjẹ ni wọ́n, VAT, ìyẹn owó orí tí wọ́n ń fi kún iye ọjà, kò sí lórí wọn.

Màmá, ọmọ mi wà ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀. Ọnọrébù wa sọ lórí rédíò pé òun ni òun mú ẹ̀yáwó ọmọ ilé-ìwé wá. Ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan wá ń ta fọ́ọ̀mù fún wa ní ₦5,000. Ṣé kí n rà á? — Bàbá Ìbejì, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ má rà á, Bàbá. Ẹ̀yáwó náà kò ní fọ́ọ̀mù tí ẹnikẹ́ni ń tà. Orí íntánẹ́ẹ̀tì, lójú òpó NELFUND, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀yáwó náà, ni ọmọ yín yóò ti forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Kò nílò lẹ́tà aṣòfin, kò sì nílò onídùúró. Kí ó ní nọ́ńbà JAMB rẹ̀, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ilé-ìwé, NIN àti BVN lọ́wọ́.

Owó ilé-ìwé kò ní gba ọwọ́ ọmọ yín kọjá, ilé-ìwé ni àjọ náà ń san án fún. Owó oúnjẹ, ₦20,000 lóṣù, ni yóò wọ àkáǹtì rẹ̀ tó bá béèrè fún un. Kò sí èlé. Ọdún méjì lẹ́yìn tó bá sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán ni sísan án padà bẹ̀rẹ̀, bó bá sì ti ríṣẹ́, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni wọn yóò máa yọ. Ẹ sọ fún un kó tó tẹ bọ́tìnì pé gbèsè ni, kì í ṣe ẹ̀bùn.

Ní ti ẹni tó mú un wá, òfin àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Ó le débi pé ìdílé tí owó tó ń wọlé fún un bá ju ₦500,000 lọ lọ́dún kò lè rí i gbà. Ìjọba pa á rẹ́, wọ́n ṣe òmíràn, Ààrẹ sì buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024. Aṣojú-ṣòfin 360 àti sẹ́nétọ̀ 109 ló wà nílé ìgbìmọ̀ méjèèjì. Ọ̀kan nínú wọn lè sọ pé òun wà níbẹ̀, pé òun fara mọ́ ọn, kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ìgbà tó bá ní òun nìkan ló mú un wá ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń rí àyè ta ohun tí kò ní owó lórí.

Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ọdún kẹta rèé tí aṣojú-ṣòfin wa ti wá bá wa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Báwo la ṣe lè pè é padà? — Télọ̀, Abẹ́òkúta

Abala 69 ìwé òfin fún yín láyè, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ni. Ó ju ìdajì gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò nínú ẹkùn yín lọ tó gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé tí ẹ óò kó fún alága INEC, àjọ elétò ìdìbò. Lẹ́yìn náà, láàárín 90 ọjọ́, àjọ náà yóò ṣètò ìdìbò, níbi tí ọ̀pọ̀ tún ti gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ní ọdún 2025, wọ́n gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ lórí sẹ́nétọ̀ tó ń ṣojú Àárín Gbùngbùn Kogi. 208,132 èèyàn ló buwọ́ lù ú nínú 474,554 tó forúkọ sílẹ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, torí kò tó ìdajì. Àbá mi ni pé kí ẹgbẹ́ télọ̀ yín kọ̀wé ránṣẹ́ sí i ná, kí ẹ dá ọjọ́ ìpàdé fún un, kí ẹ sì fi ẹ̀dà lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí rédíò tó wà nítòsí yín.

Màmá, èmi náà ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ aṣojú-ṣòfin kan. Ọ̀gá mi fẹ́ ṣe ìpàdé ìta gbangba láti sọ gbogbo àyípadà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ohun tí wọ́n máa sọ. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? — Akọ̀wé, Èkìtì

Ọmọ mi, inú mi dùn sí lẹ́tà rẹ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí o sì kọ ibi tó dé síwájú rẹ̀: ṣé àbádòfin ni, ṣé ilé méjèèjì ti gbà á wọlé, ṣé Ààrẹ ti buwọ́ lù ú, ọjọ́ wo ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ṣé owó wà fún un nínú ètò ìṣúná? Wo VAT. Nígbà tí àbádòfin owó orí dé ilé ìgbìmọ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé VAT yóò máa gòkè láti 7.5 títí tí yóò fi dé 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn aṣòfin yọ ọ́ kúrò, ó ṣì wà ní 7.5. Aṣòfin tó sọ ní ìparí ọdún 2024 pé VAT fẹ́ lọ sókè kò parọ́, ẹni tó sọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé kò lọ sókè náà kò parọ́. Àwọn ará ìlú tí kò mọ ìyàtọ̀ àárín àbádòfin àti òfin ló kù tí wọ́n ń pe àwọn méjèèjì ní òpùrọ́.

Lẹ́yìn náà, kí ọ̀gá rẹ sọ ibi tó dúró sí. Ohùn ni wọ́n sábà máa ń fi dìbò nílé ìgbìmọ̀, torí náà kò sí ìwé tí aráàlú lè yẹ̀ wò láti mọ ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ ni àti ẹni tó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Àfi kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kí ó sọ èyí tó dun àwọn èèyàn pẹ̀lú. Wọ́n máa béèrè ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ epo tí ìjọba yọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, wọ́n máa béèrè ohun tí ₦70,000 owó oṣù tó kéré jùlọ lè rà lọ́jà. Bí ó bá fara mọ́ yíyọ owó epo, kí ó sọ ìdí rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Èèyàn lè bínú síni kó sì tún gbọ́ àlàyé ẹni. Mo ti rí i nínú ìpàdé tí ariwo pọ̀ jùlọ. Má sì gbàgbé láti sọ fún àwọn tó ń gba owó oṣù tó kéré jùlọ pé òfin tuntun yọ wọ́n kúrò nínú sísan owó orí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wọn lọ́dún jẹ́ ₦840,000. Wọ́n á ti ṣe ìṣirò yẹn, ọkàn wọn á sì ti gbọgbẹ́.

Ọ̀rọ̀ iná kò ní ṣàìwáyé. Ní Èkìtì yín, ọdún 2024 ni NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iná, ti gbé àbójútó iná mànàmáná inú ìpínlẹ̀ fún ìjọba ìpínlẹ̀, lábẹ́ òfin iná tí wọ́n ṣe ní 2023. Kí ọ̀gá rẹ sọ bẹ́ẹ̀ gan-an, kí ó sì mú ẹnì kan wá láti àjọ ìpínlẹ̀ náà tí yóò dáhùn.

Ohun kan tí màá bẹ̀ ọ́ lórí rẹ̀ nìyí: má jẹ́ kí wọ́n pín nǹkan lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ìlọta, ẹ̀rọ ìránṣọ àti ọ̀kadà ló ń mú kí èrò pọ̀. Tí èèyàn bá ti rí ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n tò sẹ́yìn pẹpẹ, ta ni yóò gbọ́ abala òfin? Ẹni tó ní ìbéèrè gidi kò ní béèrè rẹ̀, kí wọ́n má baà yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ẹ dá ọjọ́ mìíràn fún pínpín, kí ẹ sì kọ ọ́ sára ẹ̀rọ náà pé inú ètò ìṣúná ìjọba àpapọ̀ ni owó rẹ̀ ti wá, nítorí ibẹ̀ náà ló ti wá.

Kọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá, ojú ewé méjì péré. Ẹ tẹ ẹ̀dà púpọ̀ fún Ìyálọ́jà, fún mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, fún ẹgbẹ́ ọlọ́kadà. Jẹ́ kí ìbéèrè gba ìdajì àkókò, kí obìnrin sì kọ́kọ́ béèrè. Tí o bá kọ ọ́ tán, fi ránṣẹ́ sí mi kí ọjọ́ ìpàdé tó kò. Màá kà á, màá sì dá a padà fún ọ lọ́jọ́ náà gan-an.