Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Gbọ́?

Ìbéèrè: Akápò ẹgbẹ́ akọrin wa ní Kubwa, l'Abuja, ń ná owó ẹgbẹ́ fún ara rẹ̀. Ṣé kí n gbé e sórí WhatsApp ìjọ?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ jọ̀ọ́. Mátíù 18:15-17 ní kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá a, ẹ̀yin méjèèjì péré. Ẹ mú ìwé owó dání, kí ẹ fi ìka tọ́ ibi tí iye kò ti bára mu. Bí kò bá gbọ́, ẹ mú ẹnì kan tàbí méjì lọ. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n, wọn kì í ṣe agbèjà yín. Bó bá kọ tiwọn ni ọ̀rọ̀ tó dé iwájú ìjọ. Ẹni tí a bá kọ́kọ́ dójú tì ní gbangba, sísá ló máa ń sá. Bó bá ronú pìwà dà, ẹ dárí jì í, kí ẹ tù ú nínú (2 Kọ́ríńtì 2:7), ṣùgbọ́n ẹ gba àpò owó lọ́wọ́ rẹ̀ ná.