Kí ẹ tó pe òbí ní aláìbìkítà

Ẹ ní àwọn òbí ọmọ kíláàsì yín kì í wá sípàdé, àti pé bí ẹ bá pè wọ́n lórí fóònù, ìbínú ni wọ́n fi ń dáhùn. Ẹ má tíì pè wọ́n ní aláìbìkítà. Èmi náà pè wọ́n bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, ojú sì tì mí nígbẹ̀yìn.

Ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ Pírámárì kẹta nígbà náà. Ọmọ kan wà níbẹ̀ tí kì í da iṣẹ́ ojú pátákó kọ tán. Mo kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi í sínú báàgì ọmọ, kò fèsì. Nígbà tí táàmù parí, mo kọ ọ́ sínú káàdì èsì rẹ̀ pé wọn kì í ràn án lọ́wọ́ nílé. Ọkàn mi balẹ̀ bí mo ṣe ń kọ ọ́ o.

Àṣé ìyá elépo tó wà lẹ́nu ọ̀nà ọjà ni ìyá ọmọ náà. Ọjọ́ tí mo lọ ra epo ló rí mi tó kúnlẹ̀: "Tíṣà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ." Ó ṣí Bíbélì rẹ̀, ó fa lẹ́tà mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ. Ó ní òun ń dúró de àbúrò òun kó wá kà wọ́n fún òun, torí Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ wọ́n. Bíbélì ọwọ́ rẹ̀ sì rèé, Yorùbá ni, ó sì ń kà á geere. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, onímọ̀ ẹ̀kọ́, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, èmi ò sì lè fi kọ lẹ́tà ìlà mẹ́rin sí ọmọ Yorùbá bíi tèmi!

Mo wá bi í bí ọmọ ṣe ń ṣe nílé. Ó ní kò sí wàhálà, àfi pé bó bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, imú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ara mi bù máṣọ. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo fi ọmọ náà sí, nítorí pé ó ga. Mo gbé e wá síwájú lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé e lọ ṣàyẹ̀wò ojú, ó gba awò. Káàdì èsì yẹn ṣì wà nílé wọn.

Ní ti ìpàdé, ẹ wo ọjọ́ ọjà ìlú yín. Ọrọọrún ni ọjà tiwa; ọjọ́ ọjà méjèèjì la máa ń kà mọ́ ọn, ìyẹn ni pé ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń yí lórí kàlẹ́ńdà. Ọjọ́bọ̀, lọ́sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, ni ọ̀gá wa fi ìpàdé sí. Ọjọ́ 28 sì gba ọjà méje géérégé, nítorí náà bí ti àkọ́kọ́ ṣe bọ́ sọ́jọ́ ọjà, gbogbo ìyókù bọ́ síbẹ̀. Ẹni mẹ́fà ló ń wá. A sún un sí ọjọ́ kejì ọjà, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì lé ní ogún.

Fóònù ńkọ́? Bí òbí bá rí nọ́ńbà tíṣà, àyà á já: ọmọ ti ṣubú, àbí owó ilé-ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ táàmù, mo máa ń pe òbí márùn-ún lóòjọ́, n ò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Màá sọ ohun kan tí ọmọ ṣe dáadáa, màá wá béèrè ohun tó yẹ kí n mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbé e, mo máa ń gba ohùn mi sílẹ̀ ní Yorùbá, kí n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àmọ́ ẹ má ṣe dárúkọ ọmọ tó fìdí rẹmi, tàbí ẹni tó jẹ owó, níbi tí gbogbo òbí ti ń kà á. Ẹ̀tẹ́ nìyẹn.

Bàbá kan ṣì wà tó ń jágbe mọ́ mi títí ọmọ rẹ̀ fi kúrò ní kíláàsì mi. Ìyẹn, ọ̀gá ilé-ìwé ni mo fi sílẹ̀ fún.