Kí ni "Libertarian" túmọ̀ sí, ibo ni wọ́n sì dúró láàárín Democrat àti Republican?

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tó ń gbé ní Atlanta béèrè pé: lórí ìwé ìdìbò, lábẹ́ Republican àti Democrat, òun máa ń rí orúkọ kẹta, Libertarian. Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá? Bí òun bá sì dìbò fún wọn, ṣé ìbò náà kò ní ṣòfò?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ òmìnira ló wà nídìí orúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n bí Yorùbá bá gbọ́ òmìnira lónìí, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1960 ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, ọjọ́ tí Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ òyìnbó. Èyí tí àwọn Libertarian ń wí sún mọ́ ti ọmọṣẹ́ tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀: láti ọjọ́ náà lọ, òun ló ni ọwọ́ rẹ̀, òun ló ni owó tó bá pa, kò sẹ́ni tí yóò bi í ìgbà tó ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá tí wọ́n fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìjọba orílẹ̀-èdè tiwọn. Èmi á túmọ̀ rẹ̀ báyìí: ẹni tó gbà pé olúkúlùkù ló ni ara rẹ̀ àti ohun ìní rẹ̀, pé iṣẹ́ ìjọba kò ju kó gbà wá lọ́wọ́ ipá àti jìbìtì lọ. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n "olómìnira" nìkan kò gbé ìtumọ̀ náà délé.

Ọwọ́ mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà ti wà rí o. Joseph Déjacque, ará Faransé kan, ń lò ó ní New York ní 1858 fún àwọn tí kò fẹ́ ìjọba, tí wọn kò sì fẹ́ dúkìá àdáni pàápàá. Àwọn ti òde òní fẹ́ràn dúkìá àdáni bí ojú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti le nìyí. Bí wọ́n bá ní kí ìjọba dín owó orí kù, kó má fọwọ́ kan ìbọn ẹnikẹ́ni, àwọn Republican á ní ará ilé àwọn dé. Bí wọ́n bá tún ní kí ìjọba má fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n nítorí igbó, kó má tẹ́tí sí fóònù aráàlú, kó má dá sí ẹni tí ọkùnrin fẹ́ fi ṣe aya tàbí ọkọ, ilé Democrat ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ń dùn. Èrò kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kò sí ilé tó gba gbogbo rẹ̀ wọlé.

Ààrẹ Nixon ló bí wọn nínú tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Republican ni, síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1971 ó fi òfin de owó ọjà àti owó oṣù, ó sì já dọ́là kúrò lára wúrà, kò sẹ́ni tó lè fi dọ́là gba wúrà lọ́wọ́ ìjọba mọ́. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti dá Libertarian Party sílẹ̀ ní Colorado. Ní 1972, ìbò tí wọ́n rí kò tó 4,000. Síbẹ̀, Roger MacBride, aṣojú-dìbò (ọ̀kan nínú àwọn tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń yàn láti lọ dìbò yan ààrẹ) tó yẹ kó dìbò fún Nixon láti Virginia, kọ̀, ó dì í fún John Hospers, olùdíje Libertarian fún ipò ààrẹ, àti igbákejì rẹ̀, Tonie Nathan. Bí Nathan ṣe di obìnrin àkọ́kọ́ tí aṣojú-dìbò dìbò fún nìyẹn.

Kí ló wá dé tí wọn kò dàgbà? Ní Nàìjíríà, a mọ ẹni tó dá ẹgbẹ́ méjì sílẹ̀: ní 1989, Babangida kọ ẹgbẹ́ mẹ́tàlá tó wá gba ìwé àṣẹ, ó dá SDP àti NRC sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹ ka ìwé òfin ìpìlẹ̀ wọn (Constitution) tán, ẹ kò ní rí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ka ìbò ló bí ẹgbẹ́ méjì. Ipò kan, ẹnì kan. Ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ló gbé e lọ, ẹni tó ṣe ìkejì àti ìkẹta ń lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ní 2016, Gary Johnson, tó ti ṣe gómìnà New Mexico rí, gba nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀ ìbò. Aṣojú-dìbò kan kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ron Paul tí kò tilẹ̀ díje ló rí ẹyọ kan gbà láti Texas.

Ron Paul yìí mọ ọ̀nà méjèèjì. Libertarian ló fi díje ní 1988, kò jẹ́ nǹkan kan. Ó padà sílé Republican, ó jókòó sílé aṣòfin lábẹ́ àsíá wọn, ó sì díje nínú ìdìbò abẹ́lé wọn ní 2008 àti 2012, gbogbo Amẹ́ríkà sì gbọ́ ohùn rẹ̀. Èmi kò lè bá a wí. Àmọ́ ó ń dùn mí pé ẹni tí èrò rẹ̀ bára mu láti òkè délẹ̀ ní láti fi ìdajì rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó ráyè wọlé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Georgia ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Lọ́dọ̀ yín, ẹni tó fẹ́ di sẹ́nétọ̀ gbọ́dọ̀ gbà ju ìdajì ìbò lọ. Ní 2020, ó ku díẹ̀ kí David Perdue ti Republican dé ìdajì; Shane Hazel ti Libertarian ti mú ìdá méjì àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n tún ìbò dì ní oṣù kìíní 2021, Jon Ossoff ti Democrat wọlé, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì gba ilé aṣòfin àgbà. Ní 2022, Chase Oliver ti Libertarian náà mú bíi ìdá méjì, Warnock ti Democrat àti Walker ti Republican tún padà sí pápá. Àwọn kan ní ìbò Republican ni àwọn èèyàn yìí ń jí. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dìbò fún wọn ì bá jókòó sílé ni.

Ti ààrẹ yàtọ̀. Biden kò pé ìdajì ní Georgia ní 2020, ohun tó fi ju Trump lọ kò tó 12,000, Jo Jorgensen ti Libertarian sì gba ju 62,000 lọ. Kò sí àtúndì kankan, nítorí òfin yín kò béèrè ìdajì fún ipò ààrẹ. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, lápá ti ààrẹ, ìbò yín fún Libertarian á sọ pé ẹ kò fẹ́ àwọn méjèèjì, ó parí síbẹ̀. Lápá ti sẹ́nétọ̀ tàbí gómìnà, ó lè dá gbogbo ìpínlẹ̀ náà padà sídìí àpótí ìbò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.